Bó o ṣe lè di dókítà tó ń gbé ẹni tí stroke kọlù dìde: ohun tí mo rí ní Ifẹ̀

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe háúsì jọ́ọ̀bù (iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń ṣe) ló máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí jù. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn máa ṣe tó fi máa di irú dókítà tẹ́ ẹ jẹ́ yìí, torí mo gbọ́ pé kò sí call níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jí yín lóru." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé ẹ rí i, ilé ìyá kan ní Ìlódè ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, orí ẹní la jọ wà fún bíi wákàtí kan, èmi lórí ìkúnlẹ̀, ìyá lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, eruku sì ti gba gbogbo orókún ṣòkòtò mi. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Mo kàn ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, kó má di pé mò ń rò ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀ rárá, mọ̀ pé ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Tí aláìsàn bá jókòó síwájú àwọn dókítà yòókù, wọ́n á ní "kí ló ń ṣe yín?" Àwa náà ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ èyí tí gbogbo iṣẹ́ wa dá lé ni "kí lẹ fẹ́ tún padà máa ṣe?" Tó ò bá lè fara balẹ̀ gbọ́ èsì ìyẹn, tó jẹ́ pé CT (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí) àti oògùn nìkan ló ń wù ẹ́, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu, surgery wà ńbẹ̀ jàre. Apá ibi tó ti kú nínú ọpọlọ ti kú nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa jí i. Ohun tá à ń ṣe ni pé ká jẹ́ kí èyí tó kù kọ́ iṣẹ́ èyí tó lọ, ó sì máa ń kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣetúnṣe ni, bí ọmọ ṣe ń kọ́ ìrìn ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí ẹ̀yin méjèèjì wá lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà, màá yára kọjá lórí ẹ̀. JAMB, ọdún 6 ní medical school, oṣù 12 fún háúsì jọ́ọ̀bù, NYSC, lẹ́yìn náà residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń sọ dókítà di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka kan. Ìdánwò primary, Part 1, Part 2, yálà ti National Postgraduate Medical College tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 tàbí ti West African College of Physicians, o lè ṣe méjèèjì tí owó bá wà tí orí sì gbà á. Èmi, internal medicine ni mo bá wọlé, mo yà sí neurology, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ, ibẹ̀ ni rehab, ìyẹn kíkọ́ ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ láti padà máa ṣe nǹkan fúnra ẹ̀, ti gbà mí mọ́wọ́ tí kò sì fi mí sílẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, dókítà tó jẹ́ pé rehab nìkan ló ń ṣe ò wọ́pọ̀, neurologist àtàwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ló ń gbé ẹrù náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka tó dá dúró ni, Physical Medicine and Rehabilitation ni wọ́n ń pè é, láti 1947 ni board wọn, ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, ti wà, ọdún 4 ni residency ẹ̀ lẹ́yìn tó o bá ti ṣe USMLE, ìdánwò àwọn dókítà ibẹ̀. Ní UK náà, ó dá dúró, àmọ́ PLAB, ìdánwò tiwọn, lo máa kọ́kọ́ ṣe. Tó o bá fẹ́ japa, mi ò ní dá ẹ lọ́nà, mi ò sì ní sọ pé o ya ọ̀dàlẹ̀, mo mọ iye tí wọ́n ń san níbí.

Àmọ́ tó o bá ṣì wà ní Ifẹ̀, ohun kan wà lábẹ́ imú ẹ tó ò kà sí. OAU, yunifásítì wa, ní Department of Medical Rehabilitation, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn físíò àtàwọn occupational therapist, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn láti padà máa ṣe iṣẹ́ ojúmọ́. OAUTHC, ọsibítù ìkọ́ni wọn, ní wọ́ọ̀dù níbí, wọ́n sì ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ìdajì ohun tí mo mọ̀ lónìí, ọwọ́ àwọn físíò ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí màá ní kó o ṣe ni pé kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o bá wọn wà ní jíìmù wọn fún oṣù kan, bọ́ kóòtù funfun yẹn sílẹ̀, pa ẹnu mọ́, bá wọn gbé èèyàn. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, ibi tí ẹsẹ̀ tìẹ máa wà, ibi tí orókún ẹ máa ti orókún tiẹ̀, bó o ṣe máa di ìgbànú ìdí ẹ̀ mú dípò abíyá. Mo ti rí kọńsọ́tántì tó lè ka gbogbo iṣan ara fún ẹ láìwo ìwé, tó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí ìyá kan fẹ́ ṣubú níwájú ẹ̀, ńṣe ló ń pariwo "nọ́ọ̀sì! nọ́ọ̀sì!"

Ó yá, ká wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́, kì í sì í ṣe stroke gan-an ló máa ń bà á jẹ́, àwa ni. Àwọn ẹbí á ti fún un ní aspirin nílé kí wọ́n tó gbé e dé, torí ẹnì kan ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun la fi ń já ẹ̀jẹ̀ tó dì. Stroke méjì ló wà, èyí tí nǹkan dí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ àti èyí tí iṣan bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà síbẹ̀, o ò sì lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àfi CT. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló bẹ́, aspirin yẹn máa dá kún un ni. Torí náà, ìbéèrè tó o máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni "kí lẹ ti fún un lò?" kó o sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n, torí tó o bá jágbe mọ́ wọn, wọ́n á purọ́ fún ẹ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹnu. Kò sí nǹkan kan, omi o, oúnjẹ o, oògùn oníhóró o, tó gbọ́dọ̀ gba ọ̀fun ẹni tí stroke ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé títí tó o fi máa yẹ gbígbé mì ẹ̀ wò. Gbé e jókòó gbọnrangandan. Fi síbí kékeré bu omi díẹ̀ sí i lẹ́nu, wo ọ̀fun ẹ̀ bóyá ó gbéra sókè, dúró díẹ̀, wá ní kó pe "áà". Tó bá wúkọ́, tàbí tí ohùn ẹ̀ wá ń dún bíi pé omi wà nínú ẹ̀, dúró ńbẹ̀, má fún un ní èkejì. Ohun tó máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu ni pé omi lásán le láti gbé mì ju ẹ̀kọ mímu tó ki lọ. Wọ́n rò pé ohun tó ṣàn ló rọrùn. Rárá, omi máa ń yára ju ọ̀fun tó ń falẹ̀ lọ, ó sì ń gba ọ̀nà àyà lọ, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ibà á dé, àyà á kún. Ẹ̀kọ tó ki, tí wọ́n fi síbí fún un níwọ̀nba, ọ̀fun á ráyè bá a.

Mo ní bàbá Ìjẹ̀ṣà kan, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà pé ẹ̀kọ nìkan. Àwọn ọmọ ẹ̀ bá gbé iyán àti ẹ̀fọ́ wá lálẹ́, wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í sùn láìjẹ iyán, pé bóyá ebi gan-an ló ń jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Òkèlè kejì ló há. Ọlọ́run ló yọ wá, nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́ ló fa nǹkan náà jáde, àmọ́ bàbá fi ọ̀sẹ̀ méjì lo oògùn àyà. Kì í ṣe àwọn ọmọ yẹn ni mo bínú sí, ara mi ni mo bínú sí. Inú fáìlì ni mo kọ ọ́ sí, kò sì sí ọmọ tó ń ka fáìlì. Àtìgbà náà, mo máa ń ní kí ẹni tó ń se oúnjẹ nílé wá, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó o, ẹni tó ń se oúnjẹ, kí èmi àti ẹ̀ jọ fún aláìsàn ní ẹ̀kọ yẹn, kó fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú.

Èjìká ńkọ́? Háà. Tí ẹ bá bá mi rìn yí wọ́ọ̀dù ká, ẹ máa rí páálí tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, "Ẹ MÁ FA APÁ YÌÍ." Apá tí stroke ti mú, iṣan tó yẹ kó di egungun èjìká mú ti rọ, apá kàn so rọ̀ ni, tẹ́nì kan bá wá fà á láti gbé bàbá jókòó, ńṣe ni oríkèé máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ìrora ò ní jẹ́ kó lè lò ó mọ́. Mo ti rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ìbá padà tán, tó jẹ́ èjìká ló tì í mọ́lé. Ìrọ̀rí sábẹ́ apá tó bá jókòó tàbí tó bá dùbúlẹ̀, ìgbànú ìdí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ máa ń wá kí aláìsàn, tẹ́ ẹ máa ń di ọwọ́ yẹn mú gbọ̀n-ọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ kejì ni kẹ́ ẹ dì mú, Ọlọ́run á gbọ́.

Yíyí i padà ní wákàtí 2-2 kó má bàa dá egbò sí ìdí àti gìgísẹ̀, ìyẹn ò gba àlàyé púpọ̀, àfi kó o rí i pé ẹnì kan ń ṣe é lóru.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé bó o bá ṣe tètè gbé e dìde tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti máa ń fà wọ́n dìde, inú mi á máa dùn pé mo gbóná lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2015 ni ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní AVERT jáde, Julie Bernhardt ní Australia ló léwájú ẹ̀, èèyàn 2,104 ni wọ́n lò, wọ́n wá rí i pé àwọn tí wọ́n gbé dìde kíákíá láàárín wákàtí 24, tí wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀, ara wọn ò yá tó ti àwọn tí wọ́n rọra ṣe. Ó dùn mí o, mi ò purọ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀, ká sinmi, ká tún ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́ ṣùgbọ́n kó má pẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ ara ẹ láti máa gbà pé ohun tó o ti ń ṣe látọjọ́ yìí ò tọ̀nà, torí á ṣẹlẹ̀ sí ẹ náà.

Wàá tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́mbà wọn ìlọsíwájú. Barthel Index ni màá ní kó o há sórí, láti 1965 ló ti wà, nǹkan 10 ló ń bèèrè, jíjẹun, wíwẹ̀, wíwọṣọ, ìgbẹ́ àti ìtọ̀, ìrìn, gígun àtẹ̀gùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 100 ni ẹni tó dá ṣe gbogbo ẹ̀ máa gbà. Ó dáa, ó yára, fún ẹni tó bá tún máa rí aláìsàn lẹ́yìn ẹ, ó wúlò. Àmọ́ òun náà ló jẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ ìyá Ìlódè.

Ìyá gba 90. Ó ń rìn, ó ń dá wẹ̀, ó ń wọ ṣálúbàtà ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo kó àwọn stúdẹ́ǹtì yí i ká ní klíníìkì, mò ń fọ́nnu, mo ní "Ìyá, ẹ ti gbádùn o, ẹ máa lọ sílé." Ìyá ò dá mi lóhùn. Ó wo ilẹ̀. Nígbà tó yá ló ní, "Dókítà, ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó ní oṣù mẹ́ta sí i. Báwo ni mo ṣe máa kúnlẹ̀ kí àwọn àna mi? Ṣé bí mo ṣe máa nàró gbọin níwájú wọn nìyẹn?" Kò sí ìkúnlẹ̀ nínú nǹkan 10 Barthel. Ẹni tó ṣe é ò mọ̀ pé èèyàn lè lè gun àtẹ̀gùn kó sì tún máa sunkún torí kò lè kúnlẹ̀. Èmi tí ìyá mi bí ní Ifẹ̀ ńkọ́, kí ló ṣe mí?

Bá a ṣe ṣe é nìyí, o lè mú un lò. A to tìmùtìmù mẹ́ta léra wọn síwájú àga tó wúwo, irú èyí tí kò ní yẹ̀. Ìyá dúró, ọwọ́ tó le lórí apá àga, ẹsẹ̀ tó le níwájú, ẹsẹ̀ tó rọ lẹ́yìn. Orókún ẹsẹ̀ tó rọ ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó le ló ń di ara mú kó má já wálẹ̀ gììrì, lẹ́yìn náà ló máa wá mú orókún kejì tẹ̀ lé e. Tó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ tó le ló máa kọ́kọ́ gbé síwájú, á tẹ àga, á wá ti ara ẹ̀ sókè. Ẹni tó dúró tì í máa wà ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ọwọ́ á wà nídìí ìgbànú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lálẹ́. Tó bá ti rọrùn, a yọ tìmùtìmù kan. Ìgbà tó ku ẹyọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ ẹ̀ pé kó má di òun mú mọ́, mo sì mọ̀ pé a ti ń dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, ó kúnlẹ̀, àmọ́ dídìde ò yá, àbúrò ọkọ ẹ̀ ló gbé e, ó sì pẹ́ kó tó dárí jì í pé ó gbé òun lójú àwọn àna. A ṣì ń ṣe dídìde lọ, òun ni mo lọ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí eruku gba ṣòkòtò mi.

Nítorí náà, kọ́ láti béèrè ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń ṣe gan-an: ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, jíjókòó sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, àlùwàlá, wíwé gèlè, lílo ṣáláńgá, fífi odó gúnyán, bíbu omi nínú kànga. Ìwé òyìnbó ò ní bá ẹ bèèrè ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún náà wà ńbẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ní Mọ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló rọ. Bàbá ń rù, a ò mọ ohun tó dé. Ìyàwó ẹ̀ ló wá sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé kò jẹ́ jẹun tí àlejò bá wà nílé torí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pé òun ń fi òsì jẹun, bẹ́ẹ̀ ilé yẹn kì í dá fún àlejò. Ó sì ti dẹ́kun lílọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ torí kò lè fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n máa ń di ọwọ́ tó le kí èyí tó rọ lè máa ṣiṣẹ́, ìwádìí EXCITE tó jáde ní 2006 fi hàn pé ó dáa, àmọ́ ẹni tó ti lè gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka sókè díẹ̀ ló wà fún, tó o bá di ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún ẹni tí ìkejì ò mira rárá, ìyà lo fi ń jẹ ẹ́. Bàbá ò tíì dé ibẹ̀. Ohun tá a ṣe ni pé a kọ́ ọ láti fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, ìka nínú ìka, kó na méjèèjì jáde pọ̀. Ṣebí ọwọ́ méjèèjì la fi ń gba nǹkan àgbà tẹ́lẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìdárayá ló ń ṣe. Bàbá ń na èjìká, ó ń na ìgúnpá, nǹkan bí ogójì ìgbà lójúmọ́, torí pé ó ń kí èèyàn.

Tó bá jẹ́ pé apá òsì ọpọlọ ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ lè lọ. Jọ̀ọ́, má pariwo mọ́ ọn, etí ẹ̀ ò di. Má sì máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí ẹ̀ bíi pé ó ti di ọmọdé. Wo ohun tó ṣẹ́ kù: ọ̀pọ̀ wọn ò lè pe "omi" ṣùgbọ́n wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, wọ́n á dáhùn "àmín," wọ́n á kọrin ìsìn dópin, wọ́n á bú èèyàn pẹ̀lú. Bàbá kan tí mo tọ́jú, oríkì ni. Ìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oríkì orílẹ̀ ẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìparí ìlà sílẹ̀, bàbá bá parí ẹ̀, gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láti ibẹ̀ la ti gbéra, ìyàwó á fi ohùn oríkì yẹn béèrè pé kí ló fẹ́ mu, òun náà á fi ohùn yẹn dáhùn. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi orin kọ́ irú àwọn èèyàn báyìí lọ́rọ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe pé mo dá ọgbọ́n kankan, ìyàwó bàbá yẹn ló dá a.

Lọ sílé wọn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa san owó ọkọ̀ fún ẹ. Lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ó kéré tán. Wàá rí i pé orí táìsì lo ti kọ́ ọ ní ìrìn, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ ga tó orókún, yanrìn ni ojúde, ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé, títẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà ibẹ̀. Káfíńtà kan ní Lágere ló ń bá mi gé ojú àga onígi tá a máa ń gbé lé orí ihò ṣáláńgá, wẹ́dà á jó páìpù mọ́ ògiri fún ìdìmú, méjèèjì ò tó owó àyẹ̀wò kan. Kó ẹní àti rọ́ọ̀gì ilẹ̀ kúrò lọ́nà tó ń gbà. Ṣálúbàtà onírọ́bà tó ti jẹ, sọ ọ́ nù lójú wọn.

Wọ́n máa sọ fún ẹ pé wọ́n ṣe é ni, pé ẹ̀gbà àfiṣe ni, pé ìyàwó kejì ló wà ńdìí ẹ̀. Má bá wọn jiyàn, o ò ní borí. Mo máa ń ní, "Ẹni tó bá ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, apá yìí lèmi fẹ́ kó mira." Tí wọ́n bá ní àwọn á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ́ra, nǹkan mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún: kó má fa èjìká, kó má fi omi gbígbóná tàbí epo gbígbóná sí ara tí kò mọ nǹkan lára torí á bó láìmọ̀, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má dúró. Àdí àti òrí ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń wọ́ra náà, pè é wá, mo ní méjì tí wọ́n ń pè mí lórí fóònù tí wọ́n bá rí nǹkan tí kò yé wọn.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, àmọ́ stroke kejì ló máa pa gbogbo làálàá yín rẹ́. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn léwájú ẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, dárúkọ nǹkan 11 tó ń fa stroke lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe iwájú, àìjẹ ewébẹ̀ aláwọ̀ ewé náà wà ńbẹ̀, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí tábìlì náà sì wà ńbẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí ìfúnpá wọn wà ní abẹ́ 130/80. Wọ́n á ní "mo ti lò ó tán, ara mi ti yá." Kọ́ wọn pé kò sí "lò ó tán" ńbẹ̀.

Àwọn kan á gbé fluoxetine, oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, wá bá ẹ, wọ́n ní wọ́n kà á pé ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè padà. Ìwádìí kékeré kan ní 2011 ló gbé ìrètí yẹn dìde, èyí tó tóbi, FOCUS, tí wọ́n fi èèyàn 3,127 ṣe, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2018, ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé egungun tún ń kán sí i. Má kọ ọ́ torí ẹsẹ̀. Àmọ́ tí ìbànújẹ́ ọkàn bá wà, ìyẹn yàtọ̀, ó sì máa ń wà, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Wọn ò ní sọ fún ẹ pé inú àwọn bàjẹ́ o. Wọ́n á ní "orí mi ń gbóná," "ara ń wú mi," "mi ò fẹ́ rí èèyàn." Tó bá ti ń kọ ìdárayá tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, jókòó tì í kó o béèrè.

Wo ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ náà. Obìnrin ló sábà máa ń jẹ́, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù tì, ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo ti gbàgbọ́ nígbà kan pé tá a bá kọ́ ẹbí dáadáa, àwọn ló máa ṣe gbogbo ẹ̀ nílé, pé á dín ìnáwó kù. Ní India, wọ́n gbìyànjú ẹ̀, ATTEND ni wọ́n pè é, èèyàn 1,250, 2017 lèsì ẹ̀ jáde, kò mú ara àwọn aláìsàn yá ju bó ṣe máa yá tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí èmi mú níbẹ̀ ni pé má di gbogbo ẹrù rù wọ́n kó o wá pè é ní ètò. Oúnjẹ, yíyí padà, ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn ni tiwọn. Físíò gbọ́dọ̀ ṣì máa yọjú, ìwọ náà gbọ́dọ̀ máa yọjú, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti kún ibẹ̀ jù torí ìgbà yẹn ni ara ń yára padà, lẹ́yìn náà ó ṣì ń padà, àmọ́ ó ń falẹ̀.

Ọmọkùnrin tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ṣì ń bèèrè bóyá kò sí call lóòótọ́. Mo ní kó bá mi lọ sí Ìlódè lọ́jọ́ Friday, aago méje àbọ̀ àárọ̀, kó jẹun kúrò nílé, kó má sì wọ ṣòkòtò funfun.